Ilé Ń Tú ni, àbí Ilé Ń Yí Padà? Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn Lórí Ìdílé Yorùbá Lóde Òní

Lára ògiri ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Mushin àti ní Ṣómólú, wọ́n máa ń fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé náà kì í ṣe títà, kí ẹni tó fẹ́ rà á ṣọ́ra fún gbájúẹ̀. Àjèjì oníjìbìtì nìkan kọ́ ni ìkìlọ̀ yìí ń bá wí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ló fẹ́ dá tà á lẹ́yìn àwọn tó kù. Baba tó kọ́lé ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀, ìyá wọn ju ọ̀kan lọ, àwọn kan wà ní Ìkòròdú, àwọn kan wà ní Peckham, ayálégbé ló sì ń gbé inú yàrá tí wọ́n bí wọn sí. Ta gan-an ni ìdílé tó ni ilé yìí?

Ẹni tó bá gbé ìbéèrè yẹn lọ bá lọ́yà, ìdáhùn kan ni yóò gbọ́. Bó bá bi pásítọ̀, yóò gbọ́ òmíràn. Bó bá sì ṣí ìwé àwọn onímọ̀ tó ti ń ṣèwádìí nílẹ̀ Yorùbá láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, yóò bá èrò tó ń ta ko ara wọn. Àwọn kan ní ilé ńlá ti tú, ó ku ọkọ, aya àti ọmọ. Àwọn kan ní kò tú, ó kàn kúrò lójú kan ni. Àwọn mìíràn ní ọkọ àti aya kò fìgbà kan jẹ́ òpó ilé Yorùbá rí, pé ìyá àti ọmọ ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí kò sí ẹni tó ń jiyàn sí kò pọ̀. Ìwádìí NDHS ti 2018, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ìlera àti iye ènìyàn, sọ pé ènìyàn 4.7 ló ń gbé ilé kan ní Nàìjíríà bí a bá pín in dọ́gba, pé obìnrin ni olórí nínú ilé 18 nínú 100, àti pé obìnrin 31 nínú 100 àwọn tó wà nílé ọkọ ló ní orogún. Nínú ìwádìí náà, iye ọmọ tí obìnrin ń bí jẹ́ 3.9 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn, 6.6 ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sùn sílé tó sì ń jẹun níbẹ̀ ni irú ìwádìí yìí ń kà. Ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Abùjá, tó ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí Adó-Èkìtì lóṣooṣù, kò sí nínú ìwé ilé náà. Opó tí ọmọ mẹ́ta ń bọ́ láti Houston, ẹni tó ń dá gbé ni wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ sí.

Ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò àríyànjiyàn náà wà. Ẹnì kan ń ka àwọn tó sùn lábẹ́ òrùlé kan, ẹnì kan ń ka àwọn tó ń san owó ilé ìwé ọmọ, ẹnì kan ń ka àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀, ẹnì kan sì ń ka àwọn tí yóò dáwó ìsìnkú. Láyé àtijọ́, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sábà máa ń jẹ́ ènìyàn kan náà. Lónìí, ó lè jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni oníkálukú wọn.

Ọkọ, aya àti ọmọ

Ní 1949, George Peter Murdock, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé jáde lórí àwùjọ 250, ó sì ní ìdílé ọkọ, aya àti ọmọ wà níbi gbogbo, yálà ó dá dúró tàbí ó wà nínú agbo tó tóbi jù ú lọ. William J. Goode wá gbé e síwájú sí i ní 1963 nínú *World Revolution and Family Patterns*. Ó ní níbi tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìgbé ayé ìlú ńlá bá ti wọlé, ìdè ẹbí yóò máa dẹ̀, ọ̀dọ́ yóò máa fúnra wọn yan ẹni tí wọ́n fẹ́, ìkóbìnrinjọ yóò máa dínkù, ilé kékeré yóò sì gbòde.

Àwọn tó gba ti Goode ní ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí. Fúláàtì oníyàrá méjì ní ẹ́síteeti kò gba ìyáálé, ìyàwó kékeré àti àbúrò baba. Owó oṣù, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń bọ́ sí. Oko baba, gbogbo ilé ló ń ṣe é. Èkó sì ti tẹ̀ sọ́nà yìí ṣáájú ibòmíràn: àwọn ọmọ Sàró, tó ti Sierra Leone padà wálé, àti àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú náà ń ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ti 1884, tó fọwọ́ sí ìyàwó kan ṣoṣo tó sì fi ogún sábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kristin Mann ló ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀ jù lórí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, nínú *Marrying Well* (1985), tó dá lórí Èkó láti 1880 sí 1915. Àbárèbábọ̀ rẹ̀ kò sì rọrùn fún Goode. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tó gbé ìyàwó níṣu lọ́kà ní ṣọ́ọ̀ṣì ló tún ní obìnrin mìíràn ní ìlànà ìbílẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú ọmọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, olùwádìí Wambui wa Karanja tún bá irú ètò bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn ọlọ́lá Èkó: ìyàwó òrùka nílé, obìnrin síta, ilé méjì tó ń jẹun lápò kan. Bí wọ́n bá ka ilé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kékeré ni méjèèjì.

Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ tún gbógun ti àbá náà. Peter Laslett àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge yẹ àkọsílẹ̀ abúlé láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún wò, ìwé wọn jáde ní 1972: ilé kan kò ju bí ènìyàn 4.75 lọ tipẹ́tipẹ́ kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó dé. Ilé kékeré ti wà níbẹ̀ kí ohun tí wọ́n ní ó bí i tó ṣẹlẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ìdàkejì ni. William Bascom fi hàn ní 1955 pé ìlú ńlá ti wà láàrin Yorùbá kí òyìnbó amúnisìn tó dé. Ìbàdàn kún fọ́fọ́, agbo ilé ńláńlá ló sì kún un. Ìlú ńlá nìkan kò tó láti tú ilé.

Owó ń ṣàn láti ọwọ́ ta sí ọwọ́ ta?

Àbá kejì, Ìbàdàn ni wọ́n ti hun ún. John Caldwell, ọmọ Ọsirélíà, àti Pat ìyàwó rẹ̀ ṣèwádìí láàrin àwọn Yorùbá ní àwọn ọdún 1970, àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1976 sì di ohun tí gbogbo ayé ń kà. Ìbéèrè rẹ̀ ṣe tààrà: láàrin òbí àti ọmọ, ta ló ń jẹ lára ta? Nígbà tí ọmọ ń bá baba roko, tó ń kiri ọjà fún ìyá, tó sì ń bọ́ wọn lọ́jọ́ ogbó, ọmọ púpọ̀ jẹ́ èrè. Ìgbà tí ọmọ bá wọ ilé ìwé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó di aṣọ ilé ìwé, ìwé, owó ìdánwò, ọwọ́ tí kò sí lóko mọ́. Òbí yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkàn àti owó sọ́dọ̀ ọmọ tirẹ̀, okùn tó so ó mọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò yóò sì máa tẹ́ẹ́rẹ́.

Agbára àbá yìí ni pé kò dúró de ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó sọ ìdí tí ìyípadà fi lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò sí ju ọjà àti ilé ìwé lọ, ìtàn Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà sì bá a mu: oṣù kìíní 1955 ni ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú ìran tó jàǹfààní rẹ̀ ló sì wá ń sọ pé ọmọ mẹ́rin ti tó.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò ka ẹ̀gbọ́n baba mọ́ ìṣirò. Láàrin Yorùbá, ẹni tó ń san owó ilé ìwé lè má jẹ́ baba ọmọ. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ ríṣẹ́ ń sanwó àbúrò, àbúrò náà yóò sì gba ọmọ ẹ̀gbọ́n sílé lọ́jọ́ iwájú. Bí ìnáwó bá ti tàn ká ẹbí báyìí, ẹ̀kọ́ kò já okùn náà, ó tún fún un pọ̀ ni. Ọmọ tó kàwé sì ni ó ń fi pọ́n-ùn àti dọ́là ránṣẹ́ sílé. Owó tún ti ń ṣàn padà sọ́dọ̀ òbí, ó kàn pẹ́ kó tó dé ni.

Àwọn tó ní agbo ilé ò kú

N. A. Fádípẹ̀ parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ṣùgbọ́n 1970 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú rẹ̀, àti nínú iṣẹ́ P. C. Lloyd àti William Schwab ní àwọn ọdún 1950, ìdílé ni àwọn tó jọ wá láti ara baba ńlá kan: wọ́n ní ilé, ilẹ̀, oyè, èèwọ̀ àti oríkì. Baálé ló ń ṣàkóso. Àwọn ìyàwó ilé jẹ́ ẹni tó wá láti ibòmíràn, ipò wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Ọmọdé tí ìyàwó bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni. Kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gan-an, àfi kó fún un ní orúkọ tirẹ̀, bí Akọ̀wé tàbí Ìbàdí-Àrán. Títí di òní, àwọn ìyáàgbà kan ń pe ọ̀gbẹ́ni tó ti hu irun funfun ní orúkọ tí wọ́n fún un nígbà tó ń rákò.

Lloyd kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé bákan náà ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1966, ó kọ ọ́ pé ìlà baba ló lágbára ní apá Ọ̀yọ́ àti Èkìtì, ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, ènìyàn lè gba ẹ̀tọ́ láti ọ̀dọ̀ baba àti láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìdílé Yorùbá bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni, ó ti fo èyí.

Àwọn tó gba ti ìhà yìí ní kí a wo ohun tó ṣì ń lọ. Ní Ìbàdàn, ẹni tí yóò jẹ Olúbàdàn ní láti kọ́kọ́ jẹ́ mọ́gàjí agbo ilé rẹ̀, nítorí náà ilé kò lè ṣàì ní olórí. Ìpàdé ẹbí tó ti máa ń wáyé ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ti bọ́ sórí WhatsApp, akápò sì ń kọ orúkọ ẹni tó ti san owó oṣù síbẹ̀. Òkú ń ti Èkó àti Maryland wọlé wá sí ìlú baba. Yàrá kan wà nílé tí onílé ti àgádágodo mọ́, tó ń ṣí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, Iléyá àti Kérésìmesì, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé inú rẹ̀.

Karin Barber, tó gbé ní Òkukù tó sì kọ *I Could Speak Until Tomorrow* (1991), tọ́ka sí ẹ̀gún kan nínú àlàyé yìí. Ó rí i pé ààlà ìdílé kì í dúró sójú kan. Àwọn tó jọ ní oríkì orílẹ̀ kan náà kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbé agbo ilé kan, àwọn tó jọ ń gbé agbo ilé kan kì í ṣe gbogbo wọn ló jọ ní ilẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ láti ṣe ló ń pinnu ẹni tí wọ́n á pè ní ará ilé. Àkíyèsí yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí ó fi hàn pé rúdurùdu tí wọ́n ń di ru ayé òde òní ti wà tẹ́lẹ̀.

Àtakò tó le jù ni ti ìlú tó wà láàrin àlejò. Sandra Barnes ṣèwádìí ní Mushin (*Patrons and Power*, 1986): níbẹ̀, onílé àti ayálégbé ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí baálé àti ará ilé ń ṣe ní ìlú àtijọ́. Nínú ilé fẹ́ẹ̀sì-mí-áí-fẹ́ẹ̀sì-yú, yàrá tò ní ọ̀tún àti òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàrin, ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti mítà iná jẹ́ ti gbogbo wọn. Ìyá yàrá kejì ló ń gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lóru, kì í ṣe àbúrò baba tó wà ní Ìsẹ́yìn. Ìhà agbo ilé lágbára nípa ìsìnkú àti ilẹ̀. Nípa ìyà ojoojúmọ́, ó máa ń dákẹ́.

Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá

Niara Sudarkasa, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, gbé ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sì kọ *Where Women Work* (1973). Ó rí i pé ìyàwó ní òwò tirẹ̀, àpò tirẹ̀, gbèsè tirẹ̀. Owó ọkọ àti ti ìyàwó kì í dà pọ̀. Lẹ́yìn náà, ó jiyàn pé ẹ̀jẹ̀ ló so ilé Áfíríkà ró, kì í ṣe ìgbéyàwó, ó sì fi èyí gbèjà àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, tí ìwé ìjọba Amẹ́ríkà tí Moynihan kọ ní 1965 ti pè ní ilé tó dàrú nítorí pé ìyá ni olórí nínú púpọ̀ nínú wọn.

Felicia Ekejiuba, ọmọ Nàìjíríà, ní kí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé dẹ́kun kíka ilé bí ohun kan ṣoṣo. Ní abẹ́ òrùlé ọkọ kan, ààrò ìyàwó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ilé tirẹ̀: òun àti ọmọ rẹ̀ àti ẹni tó ń bọ́. Jane Guyer tún lọ síwájú ní 1994, láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ní agbègbè Ìbàràpá. Ó ṣàlàyé pé obìnrin lè bímọ fún ọkùnrin ju ọ̀kan lọ pẹ̀lú ìdí tó yè kooro. Ọmọ kọ̀ọ̀kan so ó mọ́ ẹbí kan, ní ìgbà tí ọrọ̀ ajé kò jẹ́ kí ọkùnrin kan ṣoṣo tó gbára lé.

Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé góńgó nínú *The Invention of Women* (1997). Ó ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ilé Yorùbá fi ń pín ipò, kì í ṣe akọ àti abo, àti pé òyìnbó ló kó ilé ọkọ-aya tiwọn wá sórí wa tí wọ́n fi ń wò wá. Bibi Bakare-Yusuf dá a lóhùn ní 2003 pé ohun tí èdè sọ àti ohun tí agbára ń ṣe kì í ṣe ọ̀kan náà: ìyàwó tó wọlé lónìí wà lábẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá nílé, obìnrin ló sì ń fi ilé tirẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ti ẹlòmíràn. Àwọn méjèèjì ń ka àṣà kan náà, wọ́n sì rí ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ìhà yìí fi ju àwọn tó kù lọ ni pé ó ń rí ìyá tó ń dá ọmọ tọ́, opó, àti dálémoṣú, láìpè wọ́n ní ilé tó bàjẹ́. Kóòtù ìbílẹ̀ Mápó ní Ìbàdàn, tí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ kì í tán nínú ìwé ìròyìn, fi hàn pé wọn kì í ṣe díẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó rọrùn láti yin okun obìnrin débi tí ẹrù tó rù yóò fi dà bí ẹ̀ṣọ́. Baba tó sá lọ kò gbọ́dọ̀ di àṣà tí a ń gbè lẹ́yìn.

Ohun tí òfin rí

Nàìjíríà fọwọ́ sí irú ìgbéyàwó mẹ́ta: ti rẹ́jísírì, ti ìbílẹ̀, àti yìgì ti Mùsùlùmí. Tọkọtaya Kìrìsìtẹ́nì tó bá ṣe ìdána, tó tún fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísírì kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ti wọ abẹ́ òfin méjì kí àríyá tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó lé ti rẹ́jísírì jẹ̀bi ẹ̀wọ̀n ọdún méje nínú ìwé òfin tí gúúsù ń lò, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀.

Ibi ogún ni òfin ti ń sọ ní pàtó ẹni tí í ṣe ará ilé. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ní 1908, ilé ẹjọ́ ní Èkó gbà pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilé ẹbí bí ọmọkùnrin. Nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ní 1957, wọ́n ní ìyàwó kò lè jogún ọkọ rẹ̀ nínú àṣà Yorùbá. Ọmọ obìnrin wọlé, ìyàwó wà níta. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ló so ilé ró kò ní ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ, ó sì jẹ́ ẹ̀rí tó ń dun opó títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940 láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyá wọn jẹ́ mẹ́rin sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín in ní orí-ojorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ìpín kan, nítorí ìdí-igi, ìyẹn ìyá kọ̀ọ̀kan ìpín kan, kò bá ìdọ́gba mu. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti àpapọ̀ yí i padà ní 1958, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1962: ìdí-igi ni àṣà, orí-ojorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè fi parí ìjà. Bí ìyá kan bá ní ọmọ kan, tí orogún rẹ̀ bí márùn-ún, ìpín wọn dọ́gba. Ìyá ni òfin fi ń ka ilé níbi pípín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kì í jogún.

Abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi bí wọ́n ṣe bí ènìyàn du ú ní ẹ̀tọ́, nítorí náà ọmọ tí wọ́n bí síta jẹ́ ọmọ. Ọjọ́ ìsìnkú ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń kọ́kọ́ rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin tó jọ olóògbé bí imú ṣe jọ imú bá yọjú pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Ààlà tí òyìnbó là sì mú kí ọmọ ilé kan wà lábẹ́ òfin tó yàtọ̀. Ní Mẹ̀kọ, ní ìhà Nàìjíríà, ìyàwó mẹ́ta ní ìlànà ìbílẹ̀ tọ̀nà. Ní Kétu, tí kò jìnnà, òfin ìdílé tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gbé jáde ní 2004 mọ ìyàwó kan ṣoṣo. Ní Tógò, níbi tí àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Àná wà ní ìhà Atakpamé, òfin fún ọkùnrin láyè láti yàn nígbà ìgbéyàwó. Lórí ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó bá fẹ́ ara wọn, Nàìjíríà ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí i láti oṣù kìíní 2014; ní Kúbà, níbi tí òwò ẹrú gbé àwọn Yorùbá dé, àwọn ènìyàn dìbò ní oṣù kẹsàn-án 2022 láti gbà á wọlé, tó sì jẹ́ pé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dìbò ló fọwọ́ sí i.

Òfin lágbára ní ti pé ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Adájọ́ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà díjú kó dìde. Ṣùgbọ́n ìdílé tó bá dé kóòtù ni ó ń rí. Ọ̀pọ̀ ń pín ogún ní ìyẹ̀wù, láìsí ìwé.

Pẹpẹ

Àríyànjiyàn ìsìn kò gba àyè púpọ̀ mọ́ bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n òun ló dá ìjọ sílẹ̀ nígbà kan. Àpérò Lambeth ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní 1888 kọ̀ láti ri ọkùnrin oníyàwó púpọ̀ bọmi. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó mú àwọn ará Èkó yà kúrò dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, United Native African Church ní 1891 àti African Church ní 1901. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko lẹ́yìn ìpinnu yẹn, ní 1988, Lambeth gbà kí wọ́n rì í bọmi pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, bí ó bá ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ kún wọn. Ìsìláàmù gba ìyàwó mẹ́rin pẹ̀lú ìdọ́gba, ó sì fún opó ní ìpín tó dájú nínú ogún, èyí tí àṣà Yorùbá kò fún un.

Ilé tí òkun là láàrin

Láti àárín àwọn ọdún 1950, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ń fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní Ìlú Ọba kí wọ́n lè ráyè kàwé, kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Wọ́n ń polówó nínú ìwé ìròyìn *Nursery World*. Esther Goody, tó ṣèwádìí lórí wọn, ṣàlàyé pé òbí wò ó bí àṣà tí wọ́n mọ̀: wọ́n fi ọmọ fún ẹni tí yóò tọ́ ọ, ọmọ ṣì jẹ́ tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbà á rò pé wọ́n ti fún àwọn lọ́mọ ni. Òye méjì tó kọlu ara wọn yìí, orí ọmọ ló fọ́ sí. Fíìmù *Farming* (2018) ti Adewale Akinnuoye-Agbaje, ẹni tí wọ́n tọ́ ní ọ̀nà yìí ní Tilbury, wá láti inú ìyà náà.

Lónìí, físà ló ń yan ẹni tí yóò bá ẹni gbé. Láti oṣù kìíní 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Ìlú Ọba kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́; láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún náà, òfin náà kan àwọn tó ń lọ tọ́jú arúgbó. Ìyá ń tọ́jú màmá onímàmá ní Leeds, màmá tirẹ̀ ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ ní Òṣogbo. Àwọn kan rí èyí bí ẹ̀rí pé ìdílé lè nà dé ibikíbi láìjá. Àwọn kan rí i bí títú pátápátá. Ohun tó dájú ni pé kì í ṣe ìlú ńlá Goode, kì í sì í ṣe ilé ìwé Caldwell, ló fà á. Ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ni.

Ní Bràsíl àti Kúbà, ìtàn mìíràn wà. Oko ẹrú fọ́ ìlà baba túútúú, ṣùgbọ́n àwọn òrìṣà di okùn tí wọ́n fi so ilé tuntun. Ní Ilê Axé Opô Afonjá, tí Mãe Aninha dá sílẹ̀ ní Salvador ní 1910, ìyálórìṣà ni ìyá, àwọn tó gba òrìṣà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Vivaldo da Costa Lima kọ nípa ìdílé òrìṣà yìí ní àwọn ọdún 1970, ó sì rí i pé ìbátan yìí lágbára débi pé èèwọ̀ ìbálòpọ̀ wà láàrin wọn. Òfin ilẹ̀ Bràsíl ti gbà pé ìfẹ́ àti ìtọ́jú lè sọ ènìyàn di òbí: ní 2016, ilé ẹjọ́ gíga jù níbẹ̀ fọwọ́ sí i pé ọmọ lè ní baba tó bí i àti baba tó tọ́ ọ, kí orúkọ méjèèjì wà nínú ìwé. Ìyá tó ti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Abẹ́òkúta fún ogún ọdún kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, àfi tó bá ti gbà á ṣọmọ lábẹ́ òfin.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ opó. Ní 2014, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Nàìjíríà dá ẹjọ́ méjì, ti Ukeje àti ti Anekwe, tó dẹ́bi fún àṣà tó ń lé ọmọbìnrin àti opó kúrò nínú ogún. Àṣà Ìgbò ni ẹjọ́ méjèèjì dá lé lórí. Bí agbára ìdájọ́ yìí yóò ṣe dé orí ìlànà ti 1957 nípa opó Yorùbá, àwọn lọ́yà ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Ìkejì ni pé ọmọ 3.9 tí ìwádìí 2018 sọ kì í ṣe iye ọmọ nìkan. Bí ìran yìí bá bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ìran tó ń bọ̀ bí méjì, àbúrò baba àti ẹ̀gbọ́n ìyá yóò ṣọ̀wọ́n. Gbogbo ìhà tó gbára lé ẹbí, yálà ti agbo ilé tàbí ti ìyá, ló gbà láìsọ pé wọ́n á máa wà. Owó ìfẹ̀yìntì kò sì dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ìyá alátà tàbí baba kafíńtà.

Ìkẹta ni ìyá tó ń dá ọmọ tọ́. Ìhà Guyer ní ọgbọ́n ló fi yan bẹ́ẹ̀, ìhà mìíràn ní kò sí ọ̀nà mìíràn fún un. Àwọn méjèèjì lè tọ̀nà lórí obìnrin méjì tó jọ ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ìbéèrè tí olùwádìí ń bi wọ́n kò sì lè fi ìyàtọ̀ yẹn hàn.

Ìkẹrin sì ni ìkànìyàn fúnra rẹ̀. Ọdún 2006 ni Nàìjíríà kà kẹ́yìn. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Nígbà tí wọ́n bá kà á, bóyá wọn yóò béèrè ẹni tó ń bọ́ ilé láti òkèèrè, àti ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kò bí i, kò tíì dájú.